Àwọn Tó Ń Jáde Kí Búrẹ́dì Tó Dé

Adobea, obìnrin tó ń fọ àwọn ife oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adwafo, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Èmi náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ó parí, ṣùgbọ́n àárín ni mo jókòó sí, ẹni tó bá sì jókòó sí àárín kì í rí iwájú dáadáa, kì í sì í rí ẹ̀yìn. Adobea rí méjèèjì. Iwájú ni ó máa ń dúró sí pẹ̀lú àwo àti aṣọ ìnuwọ́, ojú rẹ̀ á sì máa wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó sọ fún mi ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí èmi fúnra mi fi etí mi gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni a máa ń jẹ oúnjẹ Olúwa. Bí ìwàásù bá ti parí, Opanyin Larbi, akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà, á dìde, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Kí àwọn tí kò ní bá wa jẹun máa lọ báyìí." Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la mọ ara wa. Àwọn ọmọdé á jáde, àwọn àlejò á jáde, lẹ́yìn náà àwọn tó wà lábẹ́ ìbáwí: ọmọbìnrin tó lóyún kó tó ṣègbéyàwó, ọkùnrin tó ní aya méjì, obìnrin tó jẹ́ ìyàwó kejì. Wọ́n á lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níta títí wọ́n á fi gbọ́ orin ìparí, wọ́n á wá wọlé padà fún oore-ọ̀fẹ́.

Eno Asabea ti ń jáde bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bẹ́ǹṣì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ni tirẹ̀, kí ìrìn náà má baà gùn jù fún orúnkún rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fẹ́ Kwasi Mante nígbà tí Kwasi Mante ti ní ìyàwó nílé. Kwasi Mante náà wà lábẹ́ ìbáwí, ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ra páànù tuntun sí orí ilé Ọsọfo, àlùfáà wa, àwọn alàgbà sì gbé oúnjẹ Olúwa lọ bá a lórí ibùsùn. Ó jẹ ẹ́, ó kú ní ọjọ́ kẹta, a sì fi orin sin ín. Ìyẹn ti pé ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà, Eno kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó kù ni kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀.

Ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ó fẹ́ jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí Opanyin Larbi bá ní kí àwọn tó ń lọ máa lọ. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun lè kú sí abẹ́ igi.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu," ni ó máa ń sọ fún Adobea.

"Kò rí bí nǹkan kan, Eno. Búrẹ́dì tí a rà lọ́nà ọjà ni. Wáìnì ẹ̀ tiẹ̀ máa ń kan."

"Ṣé wàá fún mi ní èyí tó bá ṣẹ́kù?"

"Kí Opanyin Larbi lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́?"

"Mò ń dán ẹ wò ni. Mi ò ní jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kí wọ́n pè mí wá jẹ ẹ́ ni mo fẹ́."

Ẹnì kejì tó máa ń jáde, tí a kì í kà mọ́ wọn, ni Ọnọ́rébù Ofosuhene Birikorang, aṣojú wa ní ilé aṣòfin. Onígbàgbọ́ ni Ọnọ́rébù, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Orin Dáfídì ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa gọ́tà. Lórí pátákó rẹ̀ ní oríta, wọ́n kọ ọ́ pé Ọlọ́run ni àkọ́kọ́, Adwafo ni ìkejì. A ò rí ibi tó to ara rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ló gba pátákó náà tán. Bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá ni ó máa ń jókòó sí, òun àti ìyàwó rẹ̀, Maame Gyankomaa.

Ní gbogbo ọjọ́ oúnjẹ Olúwa, bí Opanyin Larbi bá ti húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, fóònù Ọnọ́rébù á dún. Á wò ó, ojú rẹ̀ á fà ro, á sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé, "Ìjọba ló ń pè," á sì gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì jáde kíákíá bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa obìnrin rẹ̀ tó wà ní ìlú Tema. Ṣùgbọ́n ó ti jáde kí a tó gbé àwo, nítorí náà kò sí ohun tí a lè sọ. Maame Gyankomaa á jẹ tirẹ̀, á mu tirẹ̀, ojú rẹ̀ á wà níwájú.

Níta, Ọnọ́rébù á dúró sí ẹ̀gbẹ́ igi fúrúùtù, fóònù á wà létí rẹ̀, á máa bá ìjọba sọ̀rọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o. Ẹ sọ fún mínísítà pé mo ní rárá." Nígbà kan, bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, fóònù náà dún sí i létí. Eno Asabea, tó jókòó sórí gbòǹgbò igi, gbójú sókè. Ó ní, "Ọnọ́rébù ọmọ mi, ó jọ pé ẹlòmíì ń pè ọ́." Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó rò pé àwọn fóònù ńlá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí di ọdún ìdìbò. Lọ́yà Sakyi fẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ Ọnọ́rébù nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn, èyí tó máa wáyé láìpẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ọ̀pọ̀ àwọn tó máa dìbò náà ń lọ. Lọ́yà lọ sórí rédíò, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọnọ́rébù wa fẹ́ràn Jésù gan-an. Mi ò kàn mọ ìdí tí kì í fi í bá a jẹun ni."

Ọ̀rọ̀ náà rin gbogbo ìlú. Àwọn tó ń ta kẹ́ńkẹ́ ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà wọn. Kí Àjíǹde tó dé, Ọsọfo Ampadu, tí ọ̀rọ̀ fóònù ti sú, ṣe òfin tuntun: kí gbogbo èèyàn fi fóònù wọn sínú ọpọ́n ńlá ní ẹnu ọ̀nà. Kò sọ pé nítorí ẹnì kan ni. Ọnọ́rébù fi tirẹ̀ síbẹ̀ bíi tàwọn yòókù, méjèèjì.

Ní ọjọ́ Àjíǹde náà, ìwàásù parí. Opanyin Larbi húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ohun tó dún. "Kí àwọn tí kò ní bá wa jẹun máa lọ báyìí."

Àwọn ọmọdé jáde, àwọn tó wà lábẹ́ ìbáwí tẹ̀ lé wọn. Ọnọ́rébù jókòó. Adobea ní òógùn bo iwájú orí Ọnọ́rébù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá nǹkan kiri nínú àpò. Ọsọfo ti na ọwọ́ sí aṣọ funfun tó bo àwo.

Ibẹ̀ ni Eno Asabea, tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ti wẹ̀yìn tí kò rí i. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti jọ ń jáde. Ó rò pé oorun ló gbé e lọ.

"Ọnọ́rébù ọmọ mi!" ni ó ké láti ẹ̀yìn. "Ṣé o ò ní wá lónìí ni? Mo ti gbá ibi tìrẹ o!"

Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ́yà Sakyi tẹ orí mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọnọ́rébù dìde. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Maame Gyankomaa ń wo pátákó orin. Ó wá yí padà sí wa.

"Ẹ̀yin ará," ni ó wí. "Kò sí ẹni tó pè mí. Kò sí ẹni tó pè mí rí." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo ní obìnrin kan ní Tema. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ó bí ọmọ méjì fún mi. Mi ò lè jẹ búrẹ́dì yìí."

Ó sì sunkún. Mo ti rí i tó sunkún níbi ìsìnkú rí, mo mọ bó ṣe máa ń mú áńkáṣífù jáde kí omi tó dé ojú rẹ̀. Ti ọjọ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ti ọjọ́ náà ń ti ibi tí kò mọ̀ wá, ó sì ń dà sára aṣọ.

Lẹ́yìn náà, ìyá kan ní apá àwọn obìnrin dá orin sílẹ̀, àwọn yòókù gbè é, ẹnì kan pàtẹ́wọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ń pariwo pé, "Dáfídì! Dáfídì tiwa rèé!" Bí Ọnọ́rébù ṣe ń jáde, àwọn èèyàn ń nawọ́ láti fi kan aṣọ rẹ̀. Lọ́yà Sakyi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Amòfin ni, ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí àwa tó rí i.

Lábẹ́ igi, Ọnọ́rébù jókòó sórí gbòǹgbò fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Eno, ẹ ti bà mí jẹ́," ni ó wí.

"Mo ṣe kí ni? Mo ní kí o wá jókòó sí ibòji ni."

Ọnọ́rébù bi í pé, "Ẹ̀yin, kí lẹ ṣe?"

"Mo lọ́kọ ni."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó ní ìyàwó tẹ́lẹ̀. Ó ti kú. Mò ń retí kí wọ́n pe orúkọ mi."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń jáde?"

"Láti ìgbà tí o ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé bàbá ẹ."

Ọnọ́rébù fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Eno, bí Ọlọ́run bá dá mi padà síbẹ̀, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa wọlé. Mo ṣèlérí fún yín."

Eno sọ fún Adobea lẹ́yìn náà pé ojú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ṣeé ṣe kó di èèyàn. Ṣùgbọ́n orin ìparí kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Kwaku Bempah, ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníròyìn, fi sáré dé.

"Ọ̀gá, ẹ má nu ojú yín o! Àwọn oníròyìn ti wà ní géètì."

Ọnọ́rébù sì yọ ọwọ́ kúrò lójú.

Ó borí nínú ìdìbò abẹ́lé náà gidigidi. Wọ́n fa pátákó oríta ya, wọ́n lẹ tuntun mọ́ ọn: Ọkùnrin Tó Jẹ́wọ́. Àwọn obìnrin lọ kí Maame Gyankomaa pé ọkọ rẹ̀ ní ìgboyà.

"Ẹ ṣeun," ni ó dá wọn lóhùn. "Èmi náà ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi."

Lọ́yà Sakyi kò tètè gbà pé wọ́n ti borí òun. Ní ọjọ́ ìsinmi kan ní oṣù Kárùn-ún, òun náà dìde, ó ní òun ní obìnrin kan ní Nsawam. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní àárín, nítòsí mi, ní, "A ti gbọ́ irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ìyàwó Lọ́yà kò sì tíì mọ̀ ní tirẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni ìgbìmọ̀ fún Ọnọ́rébù. Kó kúrò ní bẹ́ǹṣì iwájú, kó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kó sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ obìnrin Tema. Ó kọ lẹ́tà pé òun ti jáwọ́. Ọsọfo ka lẹ́tà náà fún wa. Tema jìnnà, kò sì sí ẹni tó lọ wò ó.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, Eno sún fún un, ó sì fún un ní ata ilẹ̀ tó máa ń jẹ nígbà tí ìwàásù bá gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wá bá a jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá ilé ìwé gíga wá, ó ní òun fẹ́ fi ìrẹ̀lẹ̀ hàn. Wọ́n so fáànù sókè orí bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n gbé tìmùtìmù wá. Bí oṣù Kẹfà ṣe ń parí, ẹni tí kò bá tètè dé kò lè rí àyè lẹ́yìn, bẹ́ǹṣì iwájú sì ṣófo débi pé Ọsọfo ń wàásù fún ìyàwó rẹ̀ àti Maame Gyankomaa. Eno ń sún díẹ̀díẹ̀. Ó sún títí tí bẹ́ǹṣì fi tán, ẹnì kan sì gbé àga oníke kan fún un sí ẹ̀yìn òpó, níta.

"Eno, kí ló dé tẹ́ ẹ fi jókòó síbẹ̀?" ni Adobea bi í.

"Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ti pọ̀ jù," ni ó wí.

Oúnjẹ Olúwa oṣù Keje dé. Opanyin Larbi húkọ́, ó ní kí àwọn tí kò ní bá wa jẹun máa lọ. Ọnọ́rébù dìde. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn dìde tẹ̀ lé e, bẹ́ǹṣì tó wà níwájú rẹ̀ náà dìde, àwọn tó ti ń jẹ oúnjẹ yìí láti ìgbà èwe wọn dìde. Àwọn tó jáde pọ̀ ju àwa tó kù lọ. Níta, wọ́n ti háyà àga, omi tútù wà, àwọn èèyàn ń bọ Ọnọ́rébù lọ́wọ́. Àwọn olóyè jókòó sórí gbòǹgbò igi. Búrẹ́dì kún àwo tí Adobea gbé padà sẹ́yìn, kò sì mọ ohun tí òun máa fi ṣe.

Ní oṣù Kẹjọ, Eno ru ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ sílé Opanyin Larbi. Adobea bá a lọ nítorí orúnkún náà.

"Opanyin, mo wá bèèrè ọ̀rọ̀ mi ni."

"Ọ̀rọ̀ yín wà nínú ìwé, Eno. Òun ni ìkẹta."

"Òun ni ìkẹta lọ́dún tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. A ò yí i padà. Ọ̀rọ̀ Ọnọ́rébù ló ń gba àkókò wa. Lẹ́tà ń bọ̀ láti Accra, lẹ́tà ń bọ̀ láti ààfin. A gbọ́dọ̀ ka gbogbo ẹ̀."

"Kí ni ìkejì?"

"Òrùlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Eno rò ó díẹ̀. "Ó yẹ kí ìyẹn ṣáájú mi," ni ó wí. "Gbogbo yín lẹ ń lò ó."

"Ó tún ku ohun kan," ni Opanyin Larbi wí. "A nílò ìwé tó fi hàn pé Kwasi Mante ti kú."

"Opanyin, ṣebí ẹ̀yin lẹ ka ìtàn ayé ẹ̀ níbi ìsìnkú? Yẹ̀pẹ̀ ibojì wọ bàtà yín, èmi ni mo bá yín gbọ̀n ọ́n."

"Mo kà á. Ṣùgbọ́n ìtàn ayé ni ìyẹn, Eno, kì í ṣe ìwé ikú."

Adobea ní Eno kò bínú. Ó dìde, ó kí ìyàwó Opanyin Larbi, ó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀.

Ohun tí ìwé kò lè ṣe, Kwaku Bempah ṣe é. Ní ọjọ́ ìsinmi kan ní oṣù Kẹsàn-án, ó ń jáde lọ wo ọkọ̀ rẹ̀, ó sì rí Eno lórí àga oníke lẹ́yìn òpó, tó ń fi ẹsẹ̀ lu orin. Ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà.

"Ìyá, ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti wà lábẹ́ ìbáwí?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Háà!" ni Bempah wí, ojú rẹ̀ sì tàn. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárí jì yín kí n tó padà wá o."

Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó. Ọ̀rọ̀ Eno fo òrùlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá, wọ́n sì parí rẹ̀ kí omi tíì tó hó. Opanyin Larbi fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún un: wọ́n máa gba òun àti Ọnọ́rébù padà lọ́jọ́ kan náà, ní ọjọ́ ìkórè ní oṣù Kẹwàá, ní iwájú gbogbo ìjọ.

"Ìwé ikú ńkọ́?" ni Eno bèèrè.

"A ti rántí pé ó kú."

Inú Eno dùn. Ó sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá pàdé pé Ọnọ́rébù mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó yọ aṣọ funfun kan jáde, èyí tó rà nígbà tí wọ́n sin Kwasi Mante, tó sì ti fi káńfọ̀ sí láti ìgbà náà. Ó ní kí Adobea kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń di ife kékeré náà mú, kí òun má baà dà á sílẹ̀. Wọ́n fi ìdérí ìgò òògùn ṣe é, omi ló wà nínú ẹ̀. "Ṣé bàyìí ni?" "Ẹ má fún un mọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, Eno. Kò fẹ́ sá."

Ọjọ́ ìkórè dé. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrèké kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn láti tẹlifíṣọ̀n wá, kámẹ́rà ńlá kan dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta nítòsí tábìlì. Adobea ti fọ àwọn ife ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí Opanyin Larbi húkọ́, kò sí ẹni tó jáde àfi àwọn ọmọdé. Àwọn tó tẹ̀ lé Ọnọ́rébù jáde ní oṣù Keje ti padà di olódodo lójijì.

Eno jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ àtijọ́. Mo wẹ̀yìn láti wò ó. Opanyin Larbi sọ ọ̀rọ̀ náà, Eno sì jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ẹlòmíì tó ń lọ.

Wọ́n pe orúkọ méjèèjì. Ọnọ́rébù fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn wá síwájú jẹ́ẹ́jẹ́, nítorí orúnkún àti nítorí kámẹ́rà. Ọsọfo Ampadu gbàdúrà lé wọn lórí. Ó bu búrẹ́dì, ó fún Eno ṣáájú. Eno fi sẹ́nu. Adobea, tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo ife, ní Eno di ojú, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e mì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó rántí ibi tó fi nǹkan sí. Lẹ́yìn náà Ọnọ́rébù jẹ tirẹ̀.

Bempah wá fi ìka ẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀gbẹ́ Ọsọfo. Ó rò pé òun ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́rùn Ọsọfo, gbogbo wa sì gbọ́.

"Ọsọfo, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì ló kú. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn tún un jẹ."

Ọsọfo wo Ọnọ́rébù. Ọnọ́rébù wo àwo. Adobea ní ó di ojú fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn, àti pé òun rò pé ó máa sọ pé rárá. Ó là á.

"Eno, ẹ dákun," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mo ti jẹ ẹ́, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Wọn ò rí i ni."

"Ta ni ò rí i?"

Ọsọfo ti mú búrẹ́dì mìíràn lọ́wọ́, kò sì mọ ibi tó fẹ́ gbé e sí.

"Ife ṣì kù, Eno," ni Adobea wí. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí ó jáde lẹ́nu òun.

Eno wo ife kékeré náà. Ó wo kámẹ́rà, tí iná pupa ti tàn lójú rẹ̀ báyìí. "Fi í sílẹ̀, Adobea," ni ó wí. "Bí mo bá mu ún tán, wọ́n á ní kí n tún un mu."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Ọnọ́rébù, kò fà á, ó kàn yọ ọ́ ni.

Ọnọ́rébù tún tirẹ̀ jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó mu wáìnì, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kò dára ní ẹ̀ẹ̀kejì. Àwòrán náà ni wọ́n gbé sórí pátákó oríta títí tó fi wọlé ní oṣù Kejìlá, ó sì ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí: ó di ojú, búrẹ́dì wà ní ètè rẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ gan-an, bí mo bá wò ó, ó máa ń ṣe mí bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ife Eno, Adobea kò dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Mi ò bi í léèrè ohun tó fi ṣe.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Eno gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń tiro díẹ̀. Mo gbọ́ tí aṣọ rẹ̀ ń rùn káńfọ̀ nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kọjá bẹ́ǹṣì tó jókòó sí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, fáànù ń fẹ́ sí tìmùtìmù, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣáájú. Adobea ń wò ó láti iwájú, ó sì rò pé á yà sábẹ́ igi fúrúùtù, kó jókòó, kó dúró de orin ìparí bí ó ti máa ń ṣe. Ọsọfo ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pè é pé, "Eno! Eno Asabea!" Ó kọjá igi náà, ó kọjá àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó wà ní géètì, ó ń lọ lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ nínú òòrùn, kò sì wẹ̀yìn.